Igbe Tó Ń Han Nínú Rédíò Bàámi

Rédíò kan wà tí Bàámi rà ní Ìdúmọ̀tà kí wọ́n tó bí mi. Dúdú ni, irin funfun ló yí etí rẹ̀ ká, èríàlì rẹ̀ sì ti ṣẹ́ débi pé wáyà ni Bàámi fi so ó pọ̀. Ìlà márùn-ún ló wà lójú rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ pupa kékeré kan máa ń rìn lórí wọn: FM, MW, SW méjì, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ AIR sí lára. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Bàámi ní Máfọlúkù ni rédíò náà ń gbé, lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ìròyìn àti ewì ni wọ́n sì ń fi í gbọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ yí i kúrò níbi tí àwọn bá fi í sí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, Bàámi a sì máa lọ kírun àílà lójoojúmọ́.

Ògiri pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Bí bàálù ńlá bá ń gbéra, gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀bù a máa gbọ̀n, Bàámi a sì dákẹ́ títí ariwo náà yóò fi kọjá, lẹ́yìn náà wọn a bá ọ̀rọ̀ wọn lọ láti àárín gbólóhùn tí wọ́n ti dá a dúró, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé àwọn tó wà nínú irin ńlá yẹn ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí mo yí abẹ́rẹ́ pupa náà dé ìlà ìsàlẹ̀ ni mo mọ̀. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ti ọmọ Nàìjíríà láìsí àní-àní, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tó di imú mú, nọ́ńbà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń sọ. Ó dákẹ́. Ohùn òyìnbó kan pe àwọn nọ́ńbà náà padà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà sì dákẹ́. Mo rò pé ìdánwò ìṣirò ni wọ́n ń ṣe fún un.

Mo bá eré náà lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ọjọ́ kan tó dé tí ohùn méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. N kò gbọ́ ẹni méjì tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu bí wọ́n ti ń ṣe ní Òṣòdì. Igbe kan ṣoṣo ni mo gbọ́, ó han gooro bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹnu ọ̀bẹ họ abọ́ tánganran, ó sì bo ohùn méjèèjì mọ́lẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Mo gbà pé mo ti ba rédíò Bàámi jẹ́. Mo pa á, mo dá abẹ́rẹ́ padà sí ibi tí mo ti bá a, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń wo ojú ọ̀run bí ọmọlúàbí.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé rédíò náà kò bàjẹ́. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni mo kọ́, Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí, láàárín àwọn tó ń tún fóònù ṣe, tí wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ayé Nóà ni mò ń ṣe, nítorí rédíò àfọwọ́dìmú tí àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ń lò ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni pé ọ̀rọ̀ ń lọ káàkiri ayé lórí ohun tí rédíò àwọn awakọ̀ òfuurufú yóò dà lọ́jọ́ iwájú. Mo ń ka ohun tí wọ́n ń kọ, mo sì ń rí i pé igbe tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kó dànù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Láàárín 118 àti 137 mẹgahẹ́ẹ̀tì ni àwọn awakọ̀ òfuurufú àti àwọn tó ń darí wọn láti ilẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, lókè díẹ̀ sí ibi tí FM inú ilé wa parí sí. Àmọ́ wọn kì í lo ìlànà FM. AM ni wọ́n ń lò, ìlànà àtijọ́ tí àwọn ibùdó MW fi ń sọ̀rọ̀ láti ayé àwọn bàbá wa, ó sì máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́nu pé ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀ bámúbámú kò tí ì pa á tì. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Ìlọrin rí, tí rédíò FM wà ní títàn nínú ọkọ̀, yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ ibùdó kan bọ̀ láti Bẹ́gà. Nígbà tí ọ̀nà bá jìn, ibùdó mìíràn tó wà lórí nọ́ńbà kan náà yóò gba ojú rẹ̀ lójijì, ti àkọ́kọ́ yóò pòórá, kò sì ní sí nǹkan kan tí yóò sọ fún yín pé ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Bí FM ti rí nìyẹn, alágbára a gbé aláìlágbára mì. Nínú AM, àwọn méjèèjì ni yóò wọlé, ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín ìgbì kìíní àti ìkejì ni etí yóò sì gbọ́ bí igbe. Kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni: ó ń jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé ẹnìkan ti sọ̀rọ̀ tí òun kò gbọ́.

Ibi tí igbe yìí ti dún tó burú jù lọ ni Tenerife, erékùṣù kan lábẹ́ ìjọba Sípéènì, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977. Boeing 747 méjì, ọ̀kan ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú KLM, èkejì ti Pan Am, wà lójú rọ́nwéè kan náà nínú kùrukùru tí kò jẹ́ kí ọ̀kan rí èkejì. KLM ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra láìgba àṣẹ, wọ́n sì sọ lórí rédíò pé àwọn ti wà ní ‘take-off’. Láti ilé ìṣọ́, ẹni tó ń darí wọn dá wọn lóhùn pé ‘OK’, ó sì fi kún un pé kí wọ́n dúró, òun yóò pè wọ́n. Ní àkókò tó fi ń sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà gan-an ni àwọn Pan Am ké gbàjarè pé àwọn ṣì ń rìn lójú rọ́nwéè. Ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé lórí ojú ìgbì kan ṣoṣo. Ohun tó dé etí àwọn tó wà nínú KLM ni ‘OK’, lẹ́yìn náà igbe. Ènìyàn 583 ló kú.

Àwọn kan a máa sọ ìtàn yìí kí wọ́n lè fi hàn pé AM ti gbó, pé òun ló pa àwọn ènìyàn náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ohùn méjì kò lè gba ojú ọ̀nà kan kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, àléébù ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n igbe náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àmì ni ó jẹ́ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn ‘OK’ yẹn, ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kò sì dúró láti béèrè ohun tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nínú ìjàǹbá náà tó jẹ́ pé inú dánfó ni ó ti yé mi. Kọndọ́kítọ̀ tó mọ iṣẹ́ kì í bá dẹ́rẹ́bà rojọ́. ‘Ó wà!’ túmọ̀ sí pé ẹnìkan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ọkọ̀ dúró. ‘Máa lọ!’ túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ti wọlé. Mo wọ ọkọ̀ kan láti Òṣòdì lọ sí Ọjọ́ọ̀tà lọ́dún kan, kọndọ́kítọ̀ tuntun ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń bá màmá kan fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Màmá náà ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ọwọ́ wọn ṣì di ilẹ̀kùn mú, wọ́n ní àwọn kò ní lọ àfi tí owó àwọn bá pé. Inú bí kọndọ́kítọ̀, ó pariwo mọ́ wọn pé, ‘Ẹ máa lọ jàre, mo ti fún yín lówó yín!’ ‘Máa lọ’ nìkan ni dẹ́rẹ́bà gbọ́. Ọkọ̀ ṣí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló fa màmá náà padà wọlé ní apá, ṣéńjì tó ń dá ìjà sílẹ̀ sì fọ́n ká sójú títì. Lẹ́yìn Tenerife, wọ́n ṣòfin pé ọ̀rọ̀ náà ‘take-off’ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí rédíò àfi nígbà tí wọ́n bá ń fún ọkọ̀ láṣẹ láti gbéra gan-an, tàbí tí wọ́n bá ń gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà mìíràn, ‘departure’ ni wọn yóò sọ. Bí mo bá ń ka òfin yẹn, màmá ọjọ́ náà ni mo máa ń rí.

Ọdún 1996 ni mo tó mọ̀ pé irú nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀ sí tiwa. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Boeing 727 kan tó ń bọ̀ láti Port Harcourt sí Èkó yà fún bàálù mìíràn lójú ọ̀run, yíyà náà le jù, kò lè tún ara gbé mọ́, ó sì já sí Èjìrìn lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Kò sí ẹni tó là nínú rẹ̀, àwọn tó kú sì lé ní 140. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn. Bàámi pa rédíò ní ọjọ́ kejì, wọn kò sì tàn án títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 12 oṣù náà, bàálù méjì forí gbára lójú ọ̀run nítòsí Delhi ní Íńdíà, lókè ìlú kan tó ń jẹ́ Charkhi Dadri. Ènìyàn 349 ló kú. Àṣẹ tí wọ́n fún ọ̀kan nínú wọn, Il-76 tó ti Kasakisítáànì wá, ni pé kó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 15,000. Ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, ó sì bá Boeing 747 ti Saudi ní 14,000. Àwọn tó wádìí rẹ̀ sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́ Il-76 náà kò dán mọ́rán, àti pé ẹni tó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà kì í ṣe ẹni tó ń wà á. Ọkọ̀ tó ní dẹ́rẹ́bà tó sì ní kọndọ́kítọ̀ ni, ọ̀rọ̀ sì sọnù láàárín wọn. Láti ọdún 2008 ni òfin àgbáyé ti béèrè pé kí awakọ̀ òfuurufú àti adarí tó bá ń ṣiṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fi hàn nípa ìdánwò pé Gẹ̀ẹ́sì òun tó iṣẹ́ náà ṣe.

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi gba ẹrù lórí ohùn ni ọ̀rọ̀ kíkọ, wọ́n sì ti ń lò ó ní ọ̀pọ̀ ibi. CPDLC ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Adarí tó wà nílẹ̀ yóò mú gbólóhùn kan nínú àwọn tí wọ́n ti tò sílẹ̀, yóò fi nọ́ńbà sí i, gbólóhùn náà yóò sì yọ lójú ẹ̀rọ níwájú awakọ̀. Awakọ̀ yóò kà á, yóò tẹ bọ́tìnnì pé òun yóò ṣe é, tàbí pé kò ṣe é ṣe, tàbí pé kí wọ́n ní sùúrù. Báyìí ni wọ́n ti ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì láti ọjọ́ pípẹ́, níbi tí rédíò VHF, ìyẹn ti ojú ìgbì 118 sí 137 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kò lè dé nítorí pé ìgbì rẹ̀ kì í tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ayé. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó bá fẹ́ fò lókè ẹsẹ̀ bàtà 28,500 gbọ́dọ̀ ní in. Ó dára púpọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ kì í dà bí nọ́ńbà mìíràn nítorí pé imú ẹni tó pè é dí.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kíkọ náà ń gbà fẹ̀ bí ti fóònù wa. Ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń lò jù lórí VHF, èyí tí wọ́n ń pè ní VDL Mode 2, kò lè gbé ju kílóbíìtì 31.5 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ọkọ̀ tó wà lágbègbè náà ló sì ń pín in lò. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìtajà kan ní ṣọ́ọ̀bù: fọ́tò òwàńbẹ̀ kan ṣoṣo tí kò ju mẹ́gábáìtì mẹ́ta lọ, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní mẹ́wàá mẹ́wàá, yóò gbà ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ kó tó dé, bí kò bá tilẹ̀ sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Máfọlúkù jẹ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló sì wà láàárín. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan lè bá onílé sọ níbẹ̀ tí àwọn mẹ́sàn-án yòókù kò ní gbọ́. Ó máa ń bí Màámi nínú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni gbogbo wa ti ń mọ̀ pé ìyá ẹnìkejì ń ṣàìsàn, pé gáàsì ẹnìkan ń jò, pé a kò rí ọmọ kékeré kan láti àárọ̀. Rédíò àwọn awakọ̀ òfuurufú jẹ́ irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn a gbọ́ pé ìjì ń gbo ẹni tó wà níwájú. Ẹni tó fẹ́ balẹ̀ a gbọ́ pé wọ́n ti fún ẹlòmíràn láyè láti wọ rọ́nwéè tí òun ń kọjú sí, a sì fọhùn kíákíá. Bí ọ̀rọ̀ bá di kíkọ, ó di ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì, àwọn ará ilé yòókù kò sì ní mọ ohun tó ń lọ.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì rárá. Agbègbè tó gbòòrò wà ní kọ́ńtínẹ́ǹtì yìí tí ọkọ̀ lè fò kọjá tí ohùn ilẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ya ojú ìgbì 126.9 mẹgahẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ fún àwọn awakọ̀ láti máa kéde ara wọn fún ara wọn: orúkọ ọkọ̀, bó ti ga tó, ibi tó wà, ibi tó ń lọ àti àkókò tí yóò dé ibẹ̀. Kò bá ẹnìkan pàtó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ tó sì mọ̀ pé ọ̀nà àwọn fẹ́ pàdé ni yóò dáhùn. Bí mo bá ka ìwé àwọn tó ní ọjọ́ iwájú kò ní ohùn nínú, 126.9 ni mo máa ń rántí. Wọn kò kọ ọ́ sínú ètò wọn, nítorí níbi tí wọ́n ń gbé, ilẹ̀ máa ń dáhùn.

Àìdáhùn ilẹ̀ náà, kì í sábà jẹ́ pé ẹ̀rọ kò sí. Mo sọ èyí láti inú iṣẹ́ mi, kì í ṣe láti inú pápákọ̀. Oníbàárà kan gbé rédíò ńlá wá fún mi, ó ní ohùn rẹ̀ kò rìn ju òpópónà kan lọ mọ́, pé òun fẹ́ ra tuntun. Mo tú u, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a dé orí òrùlé. Okùn tó gòkè lọ sí èríàlì ló ti la ara níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ páìpù, òjò ọdún bíi mélòó kan ti gba ibẹ̀ wọ inú rẹ̀; nígbà tí mo gé e, omi kán jáde, bàbà tó wà nínú rẹ̀ sì ti hu ìpẹta aláwọ̀ ewé bí ojú kọ́bọ̀ àtijọ́. Okùn tí kò gùn ju mítà mẹ́rìnlá lọ ló fẹ́ mú ọkùnrin yẹn lọ ra rédíò tuntun. Ibùdó rédíò tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbọ́ náà ní okùn, ó nílò iná mànàmáná, ó nílò dísù nígbà tí iná bá lọ, ó sì nílò ẹni tí yóò gun òrùlé lẹ́yìn òjò. Ojú òfuurufú Nàìjíríà, tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ agbègbè Kánò nínú ìwé àgbáyé bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kánò àti Èkó ni wọ́n ti ń darí rẹ̀, gbòòrò ju ohun tí ibùdó kan lè gbọ́. Láti bàálù tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000, ìgbì VHF lè rìn tó 400 kìlómítà. Bí bàálù bá ti sọ̀ kalẹ̀, ibi tó ń dé á máa kúrú.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kò fi dùn jù sí LDACS, rédíò onídátà tuntun tí àwọn ará Jámánì ti fò wò ní ọdún 2019, èyí tó ń lo ojú ìgbì 960 sí 1,164 mẹgahẹ́ẹ̀tì, tó sì ń pín ìgbì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti ń ṣe. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó nílò ẹ̀rọ tuntun nínú ọkọ̀ àti ibùdó tuntun nílẹ̀, okùn tuntun sì tún ni.

Èyí tó wù mí ni ti sátẹ́láìtì. Ní ọdún 2023, ìpàdé àgbáyé lórí ìgbì rédíò tó wáyé ní Dùbáì fàyè gba sátẹ́láìtì láti lo ojú ìgbì VHF tí àwọn awakọ̀ ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá. Ní Sípéènì, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ Indra àti Enaire tó ń darí ojú òfuurufú ibẹ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún un, Startical lorúkọ rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú níbẹ̀ ni pé bàálù kò ní láti ra nǹkan kan. Rédíò àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀ náà ni yóò máa lò, òkè ni ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò ti máa gbọ́ ọ dípò ilẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí òkun tàbí lórí aṣálẹ̀ Sàhárà. Kò rọrùn. Sátẹ́láìtì tó sún mọ́ ayé ń sáré ju kìlómítà méje lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìgbì tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ti yí díẹ̀, bí fèrè ọkọ̀ panápaná ti ń yí ohùn padà bó bá kọjá lára ẹni. Ìṣòro tí mo sì rò pé ó tóbi jù ni pé sátẹ́láìtì kan ń wo ilẹ̀ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ méjì tí wọn kò lè gbọ́ ara wọn láéláé, ọ̀kan lókè Àkúrẹ́, èkejì lókè òkun, lè sọ̀rọ̀ pọ̀ sí etí kan ṣoṣo. Igbe Tenerife tún dé, àti ní ibi tí ó jìnnà sí gbogbo ènìyàn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ẹni tó bá ń ṣe rédíò tuntun fún wọn kó má fi ìwẹ̀nùmọ́ ohùn nìkan ṣe àfojúsùn. Àwọn kan ti ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́hùn fún ilẹ̀ tó lè mọ̀ pé ìgbì méjì ló wọlé, tí yóò sì tan àmì lójú adarí bí kò bá tilẹ̀ gbọ́ igbe. Irú èyí ni mo fẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ẹlẹ́rìí kúrò ní kóòtù, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ.

Ohun méjì kan tún kù, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Rédíò yìí kò ní kọ́kọ́rọ́: ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ tó dé orí ìgbì náà lè ṣe bí adarí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kọ̀ ọ́ pátápátá. Nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà lè sín ohùn ènìyàn jẹ, ọ̀rọ̀ kíkọ tó ní àmì ìdánimọ̀ yóò ṣàǹfààní ju ohùn lásán lọ, mo gbà. Èkejì ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ́ láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti adarí, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kígbe bí nọ́ńbà tí ọ̀kan pè kò bá bá ti èkejì mu. Ohùn àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń kọ́ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ọmọ Èkó ti ń pe ‘three’ àti ‘tree’ yóò mọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n wá gba ohùn tiwa náà sílẹ̀. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òfin rédíò àwọn awakọ̀ òfuurufú gan-an ló ní ‘tree’ ni kí gbogbo ayé máa pè é; a ti ń pa òfin náà mọ́ kí a tó mọ̀ pé ó wà.

Bàámi kò ránṣọ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà, ọmọ àbúrò wọn ń ta ike níbẹ̀, wọ́n sì máa ń jókòó síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti gba atẹ́gùn. Lóṣù tó kọjá, mo gba rédíò wọn, mo pààrọ̀ kàpásítọ̀ mẹ́rin tó ti wú nínú rẹ̀, mo fi èríàlì mìíràn sí i, mo sì gbé e padà fún wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń yẹ aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ rán wò. Mo tọrọ gáfárà, mo yí abẹ́rẹ́ pupa lọ sí ìlà ìsàlẹ̀. Adarí ń tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn obìnrin ni lọ́tẹ̀ yìí, ara sì balẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, igbe náà dún, ó han gooro bí ti ìjọ́sí. Kó tó tán nílẹ̀, ohùn kẹta kan, awakọ̀ mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn rárá, sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ‘Blocked.’

‘Kí ló wí?’ Bàámi béèrè.

‘Ó ní ẹni méjì ló jọ sọ̀rọ̀ pọ̀, sà. Ó ń sọ fún wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kò dé.’

‘Wọ́n bi í ni?’

‘Wọn kò bi í, sà. Ó gbọ́ ọ ni.’

Obìnrin náà pe ẹni àkọ́kọ́, ó gbọ́ tirẹ̀ tán, ó pe ẹni kejì. Bàámi fetí sí i títí tí ẹni kejì náà fi pe nọ́ńbà rẹ̀ padà. Wọ́n wá yíjú sí mi.

‘Ìwọ lo máa ń yí rédíò mi kúrò níbi tí mo bá fi í sí nígbà yẹn, bí mo bá lọ kírun.’

Mo ní, ‘Ẹ má bínú, sà.’

Wọ́n ní kí n dá abẹ́rẹ́ padà, ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.